Ìgbà wo gan-an ló yẹ kí Dúdú gba ko nínú eré ìje igun yìí?

Atayò Òkè-Fìà (Ọjọ́ Àìkú, aago 7:40 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ní ọ̀sán Sátidé àná, ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti máa ń péjọ ní Òkè-Fìà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ta Go, eré orí ọpọ́n tí ẹni méjì máa ń fi òkúta dúdú àti funfun ta, títí ilẹ̀ fi ṣú, igun kan nínú eré náà kò sì jẹ́ kí n rí oorun sùn. Èmi ni mo mú Dúdú. Mo ka èémí, mo rí i pé tèmi kò tó, mo fi igun náà sílẹ̀, mo lọ ta síbòmíràn, wọ́n sì kó òkúta mi níbẹ̀. Nígbà tí mo tún tò ó sórí ọpọ́n nílé, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́ pé mo kà á dáadáa.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré yìí: èémí ni à ń pe àyè òfìfo tó fara kan òkúta tàbí ọ̀wọ́ òkúta, ọ̀wọ́ tí gbogbo èémí rẹ̀ bá sì ti dí, a ó kó o kúrò lórí ọpọ́n. Ko ni ibi tí àwọn méjèèjì ti lè máa jẹ òkúta kan ṣoṣo lọ́wọ́ ara wọn títí láé. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ko lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ta síbòmíràn kí ó tó gbà á padà.

Bí igun náà ṣe rí nìyí. Òkúta Dúdú 7 àti òkúta Funfun 9 ti há ara wọn mọ́ ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Kò sí èyí tó ní ojú (àyè òfìfo tí ọ̀wọ́ kan sé mọ́ inú ara rẹ̀) nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó lè sá jáde, kò sì sí èémí àjọni kankan láàárín wọn. Eré ìje ni: ẹni tó bá kọ́kọ́ dí gbogbo èémí ẹnì kejì ni yóò kó o. Dúdú ní èémí ìta 3, Funfun náà ní èémí ìta 3. Ko kan wà láàárín wọn, ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ sì ń rí èémí kan ní àfikún níbẹ̀. Funfun ló mú un báyìí, èyí ló mú kí Funfun ní 4 nígbà tí Dúdú ní 3. Ó kan Dúdú láti ta.

Ṣé Dúdú ti kú ni? Bí kò bá tíì kú, ibo ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ fi òkúta sí?

Ọmọ Ọjà-Ọba (aago 8:25 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, Dúdú kò tíì kú rárá. Ẹ gba ko náà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ti gbà á, èémí tí ko ń fún Funfun yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì di tiyín, ẹ ó ní 4, òun yóò ní 3, òfin kò sì ní jẹ́ kí ó gbà á padà ní ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, ẹni tó ní 4 ló ń lé ẹni tó ní 3. Mi ò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi jẹ́ kí ohun tó lè yí ìṣirò padà báyẹn wà lọ́wọ́ ọ̀tá fún ìgbà pípẹ́.

Olùkọ́ Àgbà (aago 10:05 àárọ̀)

Mo kí gbogbo ilé. Ọmọbìnrin wa tọ̀nà pé Dúdú kò tíì kú, inú mi sì dùn pé ó rí i kíákíá. Àkókò tó fẹ́ gba ko ni mi ò fara mọ́. Ẹ jẹ́ kí a to ọ̀nà méjèèjì síwájú ara wa, kí a ka òkúta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé nínú irú eré ìje báyìí, ẹni tó bá fojú díwọ̀n dípò kí ó kà á ni yóò sọ̀ọ́ nù.

Ọ̀nà kìíní: Dúdú gba ko lójú ẹsẹ̀. Funfun kò lè gbà á padà, nítorí náà ó dí èémí ìta Dúdú kan, ó ku 2. Dúdú dí ti Funfun, ó ku 2. Funfun tún dí ọ̀kan, ó ku 1 fún Dúdú ní ìta, pẹ̀lú èyí tó wà nínú ko. Dúdú dí ọ̀kan, ó sì ku 1 péré fún Funfun. Ẹ wo ibi tí a dé yìí dáadáa. Ìdínà òfin ti kúrò lọ́rùn Funfun tipẹ́tipẹ́, nítorí náà ìsinsìnyí ni yóò wá gba ko. Èémí rẹ̀ di 2, ti Dúdú di 1, Dúdú ni yóò sì kọ́kọ́ máa wá ìhalẹ̀ kiri gbogbo ọpọ́n, ìyẹn ìgbésẹ̀ níbòmíràn tí ọ̀tá gbọ́dọ̀ dáhùn, kí òun lè ráyè gba ko padà.

Ọ̀nà kejì: Dúdú fi ko sílẹ̀ lọ́wọ́ Funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí èémí ìta. Ti Funfun ku 2. Funfun dí ti Dúdú, ó ku 2. Dúdú dí òmíràn, ó ku 1 fún Funfun ní ìta, pẹ̀lú èyí tó wà nínú ko. Funfun náà dí ọ̀kan, ó ku 1 péré fún Dúdú. Ìgbà yìí ni Dúdú tó na ọwọ́ sí ko. Èémí Funfun di 1, ti Dúdú di 2, Funfun ni kò sì lè gbà á padà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wá ìhalẹ̀.

Ẹ rí i pé iye òkúta kan náà ni Dúdú lò ní ọ̀nà méjèèjì, ibì kan náà ni a sì dé: ìjà ko níbi tí èémí ìta ti ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún tọ̀tún tòsì. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tí ko wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìjà náà gbóná. Ẹni tó bá gbà á kẹ́yìn ni ó ń fi ìwákiri sí ọrùn ẹnì kejì. Ko kì í sá lọ. Òkúta tí o bá fi gbà á ní kùtùkùtù kò ṣe iṣẹ́ kankan tí kò ní lè ṣe tó bá yá, àfi pé ó fún ọ̀tá láǹfààní láti jẹ́ agbanikẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan lórí èdè wa: inú mi máa ń dùn pé èémí ni a yàn láti pe àyè wọ̀nyí. Ní Ṣáínà níbi tí eré náà ti ṣẹ̀ wá, qi ni wọ́n ń pè é, ohun kan náà ló sì túmọ̀ sí.

Atayò Òkè-Fìà (aago 10:50 àárọ̀)

Bàbá Olùkọ́, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti tò ó bí ẹ ṣe wí, ó sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìbéèrè méjì ló kù. Èkíní, nígbà tí Dúdú ń dí èémí ìta lọ, kí ló dé tí Funfun kò ní fi òkúta kan sínú ko kí ó so ó pọ̀, kí ìjà náà má wulẹ̀ wáyé? Èkejì, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ìhalẹ̀ mi tó? Mo ka ìhalẹ̀ 4 fún ara mi lórí gbogbo ọpọ́n, mo sì ka 5 fún Funfun, ṣùgbọ́n méjì nínú ti Funfun kéré, nítorí pé òkúta mi 5 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè jẹ.

Olùkọ́ Àgbà (aago 11:30 àárọ̀)

Èkíní yẹn kò nira. Bí Funfun bá so ko pọ̀, èémí tí ko ń fún un ti lọ nìyẹn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló dí i. Bí ó bá ṣe é lẹ́yìn ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ Dúdú, èémí 2 ló kù fún un, 3 sì wà lọ́wọ́ Dúdú, ó sì kan Dúdú láti ta. Dúdú yóò jẹ ẹ́ láìsí ìjà rárá.

Ti èkejì ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Kọ́kọ́ mọ iye tí ìjà náà tó. Òkúta Funfun 9 tí Dúdú bá jẹ jẹ́ ààmì 18, nítorí pé òkúta kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹrú kan àti àyè kan. Òkúta Dúdú 7 tí ì bá kú jẹ́ 14. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí o borí àti kí o pàdánù jẹ́ 32, kí a tó ka àyè òfìfo tó yí wọn ká. Ìhalẹ̀ tí kò lè jẹ ju òkúta 5 lọ jẹ́ 10 péré. Bí Funfun bá fi irú rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọ, má fèsì. Jẹ́ kí ó jẹ òkúta 5 yẹn, kí o sì parí iṣẹ́ rẹ ní igun. Nítorí náà ìhalẹ̀ Funfun jẹ́ 3, kì í ṣe 5.

Lẹ́yìn náà ni o tó lè fi wọ́n wé ara wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ gba ko nígbà tí ìjà gbóná yóò borí bí ìhalẹ̀ rẹ̀ bá bá ti ẹnì kejì dọ́gba tàbí tí ó ju ú lọ. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ ní ju tirẹ̀ lọ kí ó tó lè borí. Pẹ̀lú 4 sí 3, ì bá jẹ́ pé ọ̀nà méjèèjì ni Dúdú ti ń borí, a jẹ́ pé àṣìṣe gbígba ko ní kùtùkùtù kò ní hàn sí ọ lójú. Mi ò fẹ́ kí ìyẹn tàn ọ́ jẹ.

Ìyá Aláàdìrẹ (aago 1:15 ọ̀sán)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo wà níbẹ̀ lánàá, ẹ̀yìn Atayò gan-an ni mo dúró sí, mo sì rí igun yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ tún èémí Funfun kà, nítorí pé ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn kì í ṣe èyí tí Dúdú lè ṣàdédé dí.

Méjì wà níta gbangba, mi ò ní wàhálà pẹ̀lú ìyẹn. Ẹ̀kẹta wà ní etí ọpọ́n, lórí ìlà tó kángun sí òfìfo. Òkúta Dúdú tó bá wọ ibẹ̀ kò ní ẹnì kan tó dì mú un, èémí kan ṣoṣo ni yóò ní, àyè tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní etí ọpọ́n kan náà. Funfun yóò fi òkúta kan síbẹ̀, yóò jẹ ẹ́, èémí tí ẹ rò pé ẹ dí yóò sì tún ṣí sílẹ̀. Kí Dúdú tó lè dí ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi òkúta sí àyè ẹ̀gbẹ́ yẹn kí èyí tó ń bọ̀ lè rí ẹni so mọ́. Òkúta méjì ni Dúdú yóò ná sórí èémí kan. Bí a bá fẹ́ kà á bó ṣe yẹ, èémí ìta Funfun jẹ́ 4.

Nínú iṣẹ́ aṣọ tí mo ń ṣe, ibi tí okùn kò bá ti fún dáadáa ni aró máa ń gbà wọlé, etí aṣọ ló sì máa ń pọ̀ jù sí. Ojú mi ti mọ́ etí. Mi ò mọ ìyókù ìṣirò náà, mo fi í sílẹ̀ fún Bàbá Olùkọ́.

Olùkọ́ Àgbà (aago 1:40 ọ̀sán)

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni, èmi kò béèrè bí àwọn àyè náà ṣe rí, nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni mo gbà. Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá wa wò ó, nítorí pé irú ko yìí ni ó máa ń fi dánra wò jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà (aago 3:20 ọ̀sán)

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí Ìyá wa rí ló sọ ìjà tààrà di ìjà tí Dúdú gbọ́dọ̀ fi ìgbésẹ̀ ìmúrasílẹ̀ kan kún. Mo tẹ̀ lé ọ̀nà kejì Bàbá Olùkọ́, mo sì fi 4 síbi tí 3 wà tẹ́lẹ̀. Dúdú dí, ó ku 3. Funfun dí, Dúdú ku 2. Dúdú dí, ó ku 2. Funfun dí, Dúdú ku 1. Dúdú gba ko. Ẹ wò ó: èémí Funfun ṣì jẹ́ 2, ikú kò tíì kàn án. Kò nílò ìhalẹ̀ kankan. Ó lè fi igun sílẹ̀, kí ó lọ ta ibikíbi tó bá wù ú lórí ọpọ́n. Dúdú yóò padà wá dí ọ̀kan, ìgbà yẹn ni Funfun yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ko, tí Dúdú yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìhalẹ̀.

Nítorí náà Funfun jèrè ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: òkúta kan lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíràn, àti ipò ẹni tó kọ́kọ́ gba ko nígbà tí ìjà gbóná. Ẹ̀gbọ́n lè sọ pé òun ní ìhalẹ̀ 4 sí 3, pé òun yóò borí bó tilẹ̀ jẹ́ pé Funfun ló kọ́kọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n òkúta ọ̀fẹ́ yẹn ńkọ́? Funfun tó mọ ohun tó ń ṣe yóò fi í pa ìhalẹ̀ Dúdú kan rẹ́, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ lè jẹ́ méjì ni òkúta kan yóò pa rẹ́. Ó di 3 sí 3, Funfun sì borí.

Ohun tí mo rò nìyí. Àyè etí ọpọ́n tí Dúdú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà yẹn, ó súnmọ́ òkúta Funfun mẹ́ta kan bí mo ṣe ń wo àwòrán tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀. Òkúta mẹ́ta yìí wà lára ògiri tó sé Dúdú mọ́. Tí Dúdú bá fi òkúta sí àyè etí náà, èémí kan péré ni yóò kù fún àwọn mẹ́ta yẹn. Bí Funfun kò bá dáhùn, Dúdú yóò jẹ wọ́n, ògiri yóò ya, òkúta Dúdú 7 yóò sì bá àwọn ẹgbẹ́ wọn níta pàdé. Nígbà náà kò sí eré ìje mọ́, Funfun 9 nìkan ló kù tí yóò kú. Ó pọn dandan kí Funfun dáhùn. Nítorí náà, kí Dúdú ta etí ọpọ́n yẹn ṢÁÁJÚ ohunkóhun, kí Funfun gba àwọn mẹ́ta rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tún kan Dúdú. Ìmúrasílẹ̀ ti parí láìná ìgbésẹ̀ kankan, a sì padà sí 3 sí 3 tí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀ bóyá kọ̀ǹpútà lè ja ìjà ko dáadáa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016 ní Seoul, nígbà tí AlphaGo, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta Go, borí Lee Sedol, ògbóǹtarìgì atayò ọmọ Kòríà, 4 sí 1, irú ìjà bẹ́ẹ̀ wáyé nínú eré kẹta, kọ̀ǹpútà náà kò sì mì. Láti ìgbà tí mo ti wo eré yẹn ni mo ti máa ń bi ara mi, kí n tó fọwọ́ kan ko, pé èwo nínú àwọn ìgbésẹ̀ tó kù ni ọ̀tá kò lè kọ̀ láti dáhùn.

Ọmọ Ọjà-Ọba (aago 4:05 ìrọ̀lẹ́)

Ó dára, ṣùgbọ́n ohun kan ń dà mí láàmú, mo sì fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn tọkàntọkàn. Òkúta etí yẹn tí Funfun kò lè kọ̀ láti dáhùn, ṣé kì í ṣe ọ̀kan nínú ìhalẹ̀ 4 tí Ẹ̀gbọ́n kà ni? Bí Dúdú bá ti lò ó ṣáájú ìjà, ó ti jóná. Ìhalẹ̀ Dúdú á ku 3. Kí ni èrè ibẹ̀?

Atayò Òkè-Fìà (aago 4:20 ìrọ̀lẹ́)

Òun ni. Mo ti kà á mọ́ mẹ́rin yẹn. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà (aago 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Àbúrò mi, ìbéèrè yìí ló dára jù láti àárọ̀. Òótọ́ ni pé ó jóná. Ohun tí a fi rà ni kí a wò. Láìlò ó, Funfun ní òkúta ọ̀fẹ́ kan, òun ni yóò sì kọ́kọ́ gba ko nígbà tí ìjà bá gbóná. Bí a bá lò ó, òkúta ọ̀fẹ́ kò sí mọ́, Dúdú sì lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbà á. Ìhalẹ̀ kan ti a fi ra ohun méjì báyẹn kò wọ́n.

Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí ìhalẹ̀ ti di 3 sí 3, kò sí àlàfo fún àṣìṣe mọ́, ibí sì ni àríyànjiyàn àárọ̀ ti wá di ìyè tàbí ikú. Ẹ jẹ́ kí a ja ìjà náà dé òpin.

Bí Dúdú bá dí èémí ìta kí ó tó gba ko: Dúdú gba ko, Funfun halẹ̀ (ó ku 2), Dúdú dáhùn, Funfun gbà á. Dúdú halẹ̀ (ó ku 2), Funfun dáhùn, Dúdú gbà á. Funfun lo èkejì, Dúdú náà lo èkejì. Funfun lo ẹ̀kẹta, Dúdú lo ẹ̀kẹta, ó sì gba ko. Funfun wo gbogbo ọpọ́n, àyè 361, kò rí ohun ńlá kan tí yóò fi halẹ̀ mọ́. Dúdú dí èémí tó kù, ó kó òkúta 9.

Bí Dúdú bá gba ko lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn tí Funfun ti gba àwọn mẹ́ta rẹ̀ sílẹ̀: Funfun ni yóò kọ́kọ́ gbà á nígbà tí ìjà gbóná. Dúdú lo ìhalẹ̀ kìíní, Funfun lo tirẹ̀. Dúdú lo èkejì, Funfun lo èkejì. Dúdú lo ẹ̀kẹta, Funfun lo ẹ̀kẹta, ó sì gba ko. Ọwọ́ Dúdú ṣófo. Òkúta 7 lọ.

Ọpọ́n kan náà, ìhalẹ̀ kan náà, èémí kan náà. Ìgbà tí a gba ko nìkan ló yàtọ̀.

Ọmọ Ọjà-Ọba (aago 6:55 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti tò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà, Bàbá. Kí a dí èémí ìta kí a tó gba ko.

Atayò Òkè-Fìà (aago 9:10 alẹ́)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ọ̀rẹ́ tí a jọ ta á dé. Mo tún igun náà tò fún un, mo sì ní kí ó gbìyànjú gbogbo ohun tó bá wù ú. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó kọ̀ láti dáhùn òkúta etí, ó dí èémí mi kan, mo jẹ òkúta mẹ́ta rẹ̀, ọ̀wọ́ mi sì jáde sí gbangba. Ní ìgbà kejì, ó dáhùn, a sì ja ko náà títí ìhalẹ̀ tiwa méjèèjì fi tán. Ní ibi ìhalẹ̀ ẹ̀kẹta rẹ̀ ni ó ti dúró pẹ́, ó wá fi ọ̀kan nínú àwọn kékeré méjì yẹn kún un. Mi ò dáhùn. Ó jẹ òkúta mi 5, mo kó tirẹ̀ 9.

Ìyá wa, òkúta etí ọpọ́n yẹn ni òkúta tí mo kọ́kọ́ fi lélẹ̀.